Àwọn Tí Yèyé Rán Lọ Ra Ẹ̀kọ

Mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe kan. Nínú ìwé pélébé tí àwọn ọmọ wa tẹ̀ fún ìsìnkú Yèyé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní èrò búburú. Ó fẹ́ kí ó dùn létí àlejò ni. Ṣùgbọ́n Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi tọ́jú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń nùlẹ̀, wọ́n ń da póò, wọ́n ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń se omi gbígbóná. Ìyá Wọ́ọ̀dù ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, láti orí dókítà títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì níwájú àlejò, wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Má fi mí joyè tí n kò jẹ. Ọwọ̀ ni mo dì mú, n kò di abẹ́rẹ́ mú rí."

Àtúnṣe kejì ni ti ọjọ́ orí. Wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kan sínú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, Yèyé yọ ọdún púpọ̀ kúrò nínú ọjọ́ orí wọn, tó fi jẹ́ pé lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi tí wọ́n bí. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá irọ́ kọ́ nìyẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo purọ́. "Ẹni tó bá sọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an fún akọ̀wé, ṣé kò mọ̀ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́?"

Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn ni mo fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti Yèyé tí ikú wọn kò parí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà, àkọ́bí mi ọkùnrin, Dàre, kú sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbálẹ̀ rẹ̀. N kò sí níbẹ̀ nígbà tó kú. Yèyé ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní tí èmi náà ti fẹ̀yìn tì, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí mo jáde àti ìgbà tí mo padà ni mo ń wá. Mo rò pé bí mo bá lè sọ irú ènìyàn tí Yèyé jẹ́ bó ṣe yẹ, bóyá màá mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ fún mi.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré lọ dì mọ́ wọn. Wọn á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọn á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù wọn sínú korobá tó jẹ́ ti yúnífọ́ọ̀mù nìkan, wọn á wẹ̀, wọn á fi kànrìnkàn ha apá wọn títí dé ìgbúnwọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti da omi náà nù tán ni wọ́n tó ń kí wa. Àbúrò mi kékeré máa ń sunkún nítorí èyí. Ó máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á na ọwọ́ méjèèjì. Yèyé á na ìka kan sí i láti ọ̀ọ́kán: "Dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ ilé ìwòsàn sílẹ̀ ná."

Wọn kì í pe ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù lórúkọ. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn láti jẹ ni wọ́n fi ń pè é. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wọn fún wa nílé, Ọlọ́sàn ni, Ẹlẹ́yin ni, Onímílíìkì ni. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Oníbísíkítì, ó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù, a sì ti mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ará ilé wa ni. Ní ọjọ́ kan wọ́n kàn bu oúnjẹ fún wa, wọ́n ní Oníbísíkítì ti lọ sílé. Inú wa dùn. Àbúrò mi ló bi wọ́n pé ṣé ìyá rẹ̀ ló wá mú un lọ. Yèyé ń bu ọbẹ̀ lọ. Ó tún bi wọ́n pé ilé wo ló lọ. Wọ́n gbé ìdérí ìkòkò padà sí ipò rẹ̀. "Ilé ni mo wí. Ẹ jẹun."

Ẹ má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Yèyé a máa jà. Wòlíì obìnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù nígbà kan pẹ̀lú agogo àti ìgò omi. Ó ní kí ìyá ọmọ kan jẹ́ kí wọ́n yọ omi tó ń kán sí ọmọ náà lára, nítorí pé ìgbàgbọ́ àti abẹ́rẹ́ kì í gbé inú ilé kan. Ìyá ọmọ náà ti ń wo nọ́ọ̀sì lójú. Yèyé gbé igi ìnulẹ̀ wọn dábùú àárín wòlíì àti bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi. Ó tutù, ẹ ó yọ̀ ṣubú."

"Ẹ̀mí ló rán mi, Ìyá."

"Èmi náà, ìjọ ni mo ti ń bọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà. Ṣé Ẹ̀mí sọ fún yín pé kí ẹ fi bàtà ìta tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù?"

Àwọn ìyá tó wà ní wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì bínú, ó ń mi agogo. Yèyé kò lé e jáde. Wọ́n gbé àga fún un sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ máa gbàdúrà tiyín níhìn-ín, kí omi náà máa kán tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí tó bá kọ́kọ́ wò ó sàn nínú méjèèjì, a ó jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Ọmọ yẹn yè. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé bí mo ṣe ń lọ yìí, ẹ lè rò pé gbogbo ọmọ ló ń kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Yèyé á sì bá wọn rìn dé géètì, á ní kí wọ́n má ṣe wẹ̀yìn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e lọ, òbí kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì rẹ̀. Gbogbo wa la mọ èyí. Yèyé ni wọ́n fi tiwọn kún un. Wọ́n gbà pé bí ojú ìyá kò bá gbọdọ̀ rí ilẹ̀ tí a gbẹ́, kò gbọdọ̀ rí ikú náà bákan náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Kò sí nínú òfin ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwo tánganran kan, aláwọ̀ búlúù, tó máa ń wà lórí fèrèsé. Bí wọ́n bá ti rí i pé èémí ọmọ kan ti yí padà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, tí dókítà sì ti wò ó tó mi orí, wọn á gbé àwo náà fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá Lágbájá, jọ̀wọ́, bá mi ra ẹ̀kọ gbígbóná wá lẹ́nu géètì. Ebi ń pa mí."

Ta ni yóò kọ iṣẹ́ àgbà? Ìyá ọmọ á dìde, á gba àwo. Kó tó padà dé, ọmọ á ti lọ, wọn á ti dì í, wọn á ti tún bẹ́ẹ̀dì tẹ́. Yèyé á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn á kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà jó o, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ fún un. Mo bi wọ́n ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, tí mo rò pé mo ti gbọ́n. Wọ́n ní: "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè lórúkọ kò lè lọ, kò sì lè dúró. Àárín ọ̀nà ni yóò wà. O ò tíì rí ẹni tó wà ní àárín ọ̀nà rí."

Ìyá mi sọ fún mi pé Yèyé bí ọmọ méjì ṣáájú òun, àwọn méjèèjì sì kú sórí itan Yèyé. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí mo bi Yèyé fúnra wọn, ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Ìyá rẹ sọ̀rọ̀ jù."

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo ilé wa fi ń rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin kan ti abúlé kan nítòsí Ikeji-Arakeji gbé ọmọ rẹ̀ wá, Ṣẹ́gun lorúkọ ọmọ náà, ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ gbogbo omi ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí lò ní wọ́ọ̀dù. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, ó rí ìyá méjì tó gba àwo búlúù tí wọ́n sì padà wá bá bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó ń sá aṣọ. Ṣẹ́gun la ojú, ó wo Yèyé, ó ní, "Ebi."

Ayọ̀ náà pọ̀ ju agbára Yèyé lọ. Wọ́n gbàgbé ara wọn. Wọ́n já àwo náà gbà lórí fèrèsé, wọ́n sáré jáde lọ bá obìnrin náà nídìí okùn aṣọ: "Ìyá Ṣẹ́gun! Yára! Lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná wá!"

Obìnrin náà wo àwo. Kò wo ojú Yèyé, kò sì padà wọ inú wọ́ọ̀dù. Ó gba àwo, ó rìn dé ẹnu géètì, ó gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́kọ, ó sì gba gáréèjì lọ. Ó wọkọ̀, ó lọ sílé.

Yèyé dúró títí. Ẹlẹ́kọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo wá. Wọ́n fún ọmọ ní ẹ̀kọ, ó mu ún, ó tún béèrè sí i. Ní ọjọ́ kẹta tí ẹnikẹ́ni kò wá, Yèyé tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n pọn Ṣẹ́gun, wọ́n wọkọ̀ lọ sí abúlé náà. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tó wá ṣe ọ̀fọ̀ lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n rí Yèyé tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn, ẹní dòfìfo. Ọkùnrin kan gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá ọmọ nìkan ló jókòó síbẹ̀.

"Ẹ gbé e padà, Ìyá. Tèmi ti kú."

"Ìyá Ṣẹ́gun, wò ó ná."

"Ẹ̀yin lẹ rán mi. Ẹ gbé àwo fún mi. Tèmi ti kú."

Ṣẹ́gun yọ orí lẹ́yìn Yèyé, ó ní, "Màámi, ebi."

Ibẹ̀ ni a máa ń rẹ́rìn-ín sí. Yèyé fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń sín ọkùnrin ojú fèrèsé jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti ń lọ sílẹ̀, wọn á sọ ọ́ pé: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ni mo fi pa ọmọ yẹn. Ọlọ́run ló bá mi jí i."

Ẹnikẹ́ni á rò pé wọn yóò jáwọ́ lẹ́yìn èyí. Wọn kò jáwọ́. Fún bí oṣù kan, ọṣẹ ni wọ́n ń rán àwọn ìyá lọ rà. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sórí ẹ̀kọ, nítorí pé ẹlẹ́kọ mọ bí a ṣe ń dá ènìyàn dúró, ọlọ́ṣẹ kò mọ̀ ọ́n. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí kò yé mi.

Ẹnì kan bá wọn jà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé ni, ọmọ Òṣogbo, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jà. Oúnjẹ ni mo gbé wá fún Yèyé.

"Ìyá, ẹ tún ti rán ẹnì kan jáde. Bí ọmọ yẹn bá ń wá ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá rẹ̀."

"Ìwọ náà kọ́. Ọmọ mélòó lo ti bí, ará Òṣogbo?"

"N kò tíì bí."

"Tóò. Lọ fọ sírínjì rẹ."

"Màá fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n léèrè kí ẹ tó rán wọn. Ẹlòmíràn lè fẹ́ dúró."

Yèyé fún aṣọ ìnulẹ̀ wọn gbẹ kí wọ́n tó dáhùn. "A kì í bi ènìyàn bóyá ó fẹ́ kí òkúta ba òun."

Mo rò lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà pé nọ́ọ̀sì yìí ló jàre. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i nígbà tí mo ń jáde. Oyún Dàre wà nínú mi.

Dàre pé ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ní ọjọ́ kẹrin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ìwé tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, kò sì sí irú tirẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ mi gbé kúlà, ó gba Òṣogbo lọ láti wá ẹ̀jẹ̀. Èmi àti ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó súnmọ́ ògiri. Yèyé ń nu ilẹ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Dàre, wọ́n lọ sídìí fèrèsé, wọ́n gbé àwo wá.

"Ìyá Dàre," ni wọ́n wí.

Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi.

"Ìyá Dàre, jọ̀wọ́, bá mi ra ẹ̀kọ gbígbóná wá lẹ́nu géètì."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí pé àwọn ènìyàn mi máa ń ṣe é bí ẹni pé Yèyé tàn mí ni. Wọn kò tàn mí. Mo mọ ohun tí àwo náà jẹ́. Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀, mo ti rẹ́rìn-ín sí i, mo ti gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì tó bá wọn jà. Mo lè ní, "Yèyé, n kò lọ." Dípò bẹ́ẹ̀, mo na ọwọ́, mo gba àwo. Mo tún bi wọ́n pé, "Ṣé kí n ra àkàrà mọ́ ọn?" N kò mọ ẹni tó bi ìbéèrè yẹn lẹ́nu mi.

Wọ́n ní, "Rà á."

Ẹlẹ́kọ rí àwo lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ìyá ọmọ. Ẹ̀kọ yìí kò tíì jinná." Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo ń wò ó bó ṣe ń ro ẹ̀kọ tó ti jinná. Kò sẹ́ni tó dì mí mú. Kò jìnnà, bí mo bá sáré, kí a tó ka ogún mo ti dé wọ́ọ̀dù. Mo jókòó títí ó fi bù ú fún mi.

Yèyé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn èjìká wọn mo rí bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n ti tẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ó sùn lọ ni. Kò jà."

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi dé láti Òṣogbo. Ó rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú kúlà lórí itan rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á, títí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wá ká ìka rẹ̀ kúrò lára kúlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn: ó sùn lọ. Mo gbà á gbọ́ fún bí ọdún mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni ara Bùnmi, ọmọ mi obìnrin, gbóná lọ́jọ́ kan. Yèyé wá sílé wa. Mo dúró sẹ́nu yàrá, mo na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Ẹ má wọlé, Yèyé."

"Èmi? Ṣé o ya wèrè ni?"

"Ẹ má wọlé. Ẹ má sì rán mi níbì kankan lónìí."

Wọ́n dúró. Ohùn tí wọ́n fi dá mi lóhùn, wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí, wọn kò sì tún fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú: "Ilẹ̀kùn ló ń wò. Ṣé ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn, Àṣàkẹ́? Ilẹ̀kùn ni Dàre ń wò."

Bùnmi yè. Yèyé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa títí ibà ọmọ náà fi rọlẹ̀, wọn kò sì wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n fi iṣu ránṣẹ́.

Ìdáhùn kẹta dé ní bí ọdún méjì kí wọ́n tó kú. Mo ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn. N kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ó ti lọ kí n tó gbé àwo fún ọ. Kò sí ẹni tí o fi sílẹ̀." Mo dá ọwọ́ dúró. Mo wò wọ́n lójú, ojú wọn mọ́ kedere. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ìyá mi ti ti oko dé. Ìyá mi ti kú tipẹ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá kọ ìdáhùn mẹ́ta sí ìbéèrè kan, mo máa ń fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ó sùn, kò jà. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó ti lọ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan náà ló sọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lè rán ìyá jáde kí ojú rẹ̀ má baà rí ikú, kí ni kò lè sọ fún un lẹ́yìn náà kí ó lè sùn? Ṣùgbọ́n ìbínú ni wọ́n fi sọ ìkejì. Ṣé òótọ́ nìkan ni ènìyàn ń fi ìbínú sọ ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo. Mo ti gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì Fọláṣadé ti fẹ̀yìn tì, pé ó ń gbé inú agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀. Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí. Ó wò mí títí mo fi jókòó.

"Ìyá Dàre," ló wí. Ìyá Bùnmi ni gbogbo ayé ń pè mí láti ọdún gbọ́ọrọ. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìsìnkú Ìyá Wọ́ọ̀dù. Ǹ bá wá, orúnkún yìí ni kò jẹ́."

"Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Láti ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń retí yín. Mo sì ń gbàdúrà kí ẹ má wá."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò sí níbẹ̀."

Ó rí i pé kò yé mi.

"Ìyá rán èmi náà. Bí ẹ ti jáde tán, wọ́n ní, 'Fọláṣadé, lọ pe dókítà.' Mo mọ̀ pé dókítà ti lọ sílé, mo rí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń jáde. Èmi tí mo ti ń bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mo mọ ìwé. Mo ní, 'Ẹ ṣé, Ìyá,' mo sì lọ. Mo dúró lẹ́yìn ọ́fíìsì, mo ń wo bàtà mi."

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Ìyá nìkan."

Ọmọ kan ń kígbe nínú agbo ilé náà pé wọ́n gba bọ́ọ̀lù òun.

"Nígbà tí mo padà," ló wí, "bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Ìyá ti pọn ọmọ náà. Wọ́n fi ọ̀já gbà á bí a ṣe ń gba ọmọ tó ń sùn, orí rẹ̀ sùn sí ẹ̀yìn wọn níbí. Wọ́n ń nu ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, wọ́n ń nù ún lọ, wọ́n ń nù ún bọ̀. Ilẹ̀ náà ti mọ́."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"N kò mọ̀, Ìyá Dàre. Láti ẹ̀yìn ni mo ń wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó yẹ kí n rìn lọ síbẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án. N kò rìn lọ. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí mo fi bojú wo ìta, tí mo rí yín pẹ̀lú àwo, tí ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀kọ má baà dà. Mo ní, 'Ìyá, wọ́n ń bọ̀ o.' Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú ọ̀já."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dìde sìn mí, mo ní kó má ṣe yọnu. Mo rìn dé ojú títì kí n tó rí i pé mo ṣì ń sọ ẹ ṣé, ẹ ṣé lábẹ́lẹ̀, àti pé n kò mọ̀ bóyá Fọláṣadé ni mò ń sọ ọ́ fún tàbí Yèyé.